Kókó mélòó ló tọ́ kí wọ́n yọ? Ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn lórí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ

Bí ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ òkúta, tí egbò ibẹ̀ sì fẹ́ kẹ̀, kì í pẹ́ tí kókó kan á fi so ní abẹ́ itan rẹ̀. Ìyá á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọmọ á figbe ta, ìyá á ní, "Egbò ẹsẹ̀ yìí náà ló fà á." Òótọ́ ló sọ. Kókó yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, kíkéré tó kéré ni ọwọ́ kò fi bà á. Omi kan wà lára wa tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, líńfù ni àwọn dókítà ń pè é. Bí omi yìí ṣe ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ wá sókè, inú àwọn kókó wọ̀nyí ló ń gbà kọjá, àwọn ló sì ń sẹ́ ẹ bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí inú egbò ló há sínú asẹ́, ìdí nìyẹn tí asẹ́ fi wú.

Ilé-ọmọ náà ní irú kókó bẹ́ẹ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ kò lè tó wọn láti ìta, torí inú ìbàdí lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, wọ́n sì bá iṣan náà gòkè lọ sẹ́yìn ìfun, títí dé ìtòsí kíndìnrín. Bí jẹjẹrẹ bá mú ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀nà ibẹ̀ ló sábà máa ń gbà nígbà tó bá fẹ́ kúrò nílé lọ sí oko. Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí oníṣẹ́ abẹ tó bá fẹ́ yọ irú ilé-ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàì ro ọ̀rọ̀ àwọn kókó wọ̀nyí mọ́ ọn. Ṣé kí òun kó gbogbo wọn ni? Ṣé díẹ̀ ló tó? Ṣé kí òun la ikùn, àbí kí òun gba ojú ihò kéékèèké wọlé?

Àríyànjiyàn yìí tún ru sókè ní ọdún 2025. Àwọn dókítà ilẹ̀ Ṣáínà, tí ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Yunifásítì Sun Yat-sen ní Guangzhou ṣíwájú wọn, gbé àbájáde ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PHENIX jáde nínú New England Journal of Medicine. Obìnrin 838 ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ kò bá ohun tí ọ̀gá fi kọ́ ọmọṣẹ́ láti ìran dé ìran mu rárá: àwọn tí wọn kò kó gbogbo kókó wọn kò ṣe burú ju àwọn tí wọ́n kó tiwọn tán. Kí èèyàn tó mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìròyìn, ó ní láti mọ bí òfin "ẹ kó gbogbo rẹ̀" ṣe débẹ̀.

Vienna, olú-ìlú Austria, ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1898, Ernst Wertheim la ikùn obìnrin kan níbẹ̀, ó yọ ilé-ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹran tó yí i ká. Àwọn kókó tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà pé ó ti wú, ó ń yọ wọ́n mọ́ ọn; èyí tí kò bá wú, kì í fọwọ́ kàn án. Kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò inú egbò nígbà yẹn, ètò ẹ̀jẹ̀ fífà síni lára kò tíì gún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é fún kò sì jí. Nígbà tí radium dé, tí wọ́n rí i pé ìtànṣán lè pa jẹjẹrẹ náà láìlo ọ̀bẹ, ọ̀pọ̀ dókítà pa iṣẹ́ abẹ yìí tì. Joe Meigs ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ló jí i dìde ní àwọn ọdún 1940, òun ló sì fi àṣà tuntun kún un: kókó wú o, kò wú o, kó gbogbo rẹ̀, lọ́tùn-ún lósì.

Kíkó yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Oníṣẹ́ abẹ á ṣí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀yìn ikùn, á wá máa bó ọ̀rá kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, bí ẹni ń bó iṣu tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀bẹ kan iṣu. Inú ọ̀rá yẹn ni àwọn kókó wà. Wọ́n lè tó 20 tàbí 30, ti ẹlòmíràn sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ti kíndìnrín bọ̀ wá sí àpò ìtọ̀ dábùú ibẹ̀ kan náà. Nísàlẹ̀ kòtò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí, iṣan ìmọ̀lára funfun kan ń kọjá lọ sí itan. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn lè fún itan méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì kàn án, ìrìn obìnrin náà yí padà nìyẹn.

Ìdí méjì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí jẹjẹrẹ dé, wọ́n sì fẹ́ kó èyí tó ti dé ibẹ̀ kúrò. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìdí àkọ́kọ́. Ní ọdún 2018, FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà tó ń tọ́jú àrùn obìnrin, tún ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ìpele àrùn yìí ṣe. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọwọ́ àti ojú dókítà bá rí nígbà àyẹ̀wò ni wọ́n ń kà, kókó kò sí nínú ìṣirò. Láti 2018, obìnrin tí jẹjẹrẹ bá wà nínú kókó ìbàdí rẹ̀ ti di ìpele IIIC1, bí ó bá wà nínú kókó òkè lọ́hùn-ún, ó di IIIC2, bó ti wù kí èyí tó wà lẹ́nu ilé-ọmọ kéré tó. Ẹni tí tirẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ lè bọ́ sí ìpele kẹta nítorí kókó kan ṣoṣo.

Ìdí kejì ni mo ní àwíjàre lé lórí. Kókó tí kò ní jẹjẹrẹ nínú, yíyọ rẹ̀ kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Nínú 100 obìnrin tí àrùn náà ṣì wà ní ìpele IB, tó hàn sójú ṣùgbọ́n tí kò tíì jáde kúrò lẹ́nu ilé-ọmọ, nǹkan bí 15 ni jẹjẹrẹ ti wọ kókó wọn. Àwọn yòókù kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni 15 ló jẹ gbèsè, ẹni 100 la lọ sin lówó.

Owó ọ̀hún kò sì kéré. Omi líńfù tó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́, ló bá ń dúró sí ẹsẹ̀. Ti ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ti ẹlòmíràn á dákẹ́ títí ọdún mélòó kan, nígbà tó ti gbàgbé iṣẹ́ abẹ. Bàtà ẹsẹ̀ kan kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Itan kan á tóbi ju èkejì lọ, á sì wúwo. Nígbà míì, abẹ́ gan-an ló máa wú, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin kì í fẹ́ sọ jáde. Ní ilẹ̀ wa, jàbùtẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é, ẹlòmíràn á ní ó ti tẹ nǹkan ní ìkòríta. (Ẹni tó pè é ní jàbùtẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà o. Nínú jàbùtẹ̀, aràn ló ba ọ̀nà omi líńfù jẹ́. Nínú èyí, ọ̀bẹ ni.) Kò sí oògùn tó ń wò ó tán. Ìbọ̀sẹ̀ alágbára tó ń fún ẹsẹ̀, ọwọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ra á, àti ìtọ́jú awọ kí egbò má baà wọ ibẹ̀, ni wọ́n fi ń dín in kù.

Yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ wíwú, omi lè jọ sójú ibi tí wọ́n ti kó kókó, kó di àpò, kó máa tẹ àpò ìtọ̀ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Àwọn dókítà àtijọ́ máa ń rán awọ ẹ̀yìn ikùn padà, wọ́n á sì fi rọ́bà sí i kí omi lè máa dà síta, wọ́n gbà pé ìyẹn ló ń dènà àpò omi. Nígbà tí wọ́n wá dán an wò ní Yúróòpù, rọ́bà kò dènà nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi awọ náà sílẹ̀ láìrán, ikùn fúnra rẹ̀ ló ń mu omi ọ̀hún.

Ikùn lílà àbí ojú ihò?

Láti ayé Wertheim, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: ikùn lílà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì ní ilẹ̀ Faransé, Daniel Dargent ní Lyon àti Denis Querleu ní apá àríwá, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ihò kéékèèké kó kókó. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó lè wú, wọ́n á ti kámẹ́rà tín-ínrín bọ ojú ihò kan, wọ́n á ti irin iṣẹ́ bọ àwọn yòókù, wọ́n á sì máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lójú tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 1991, Querleu tẹ ìròyìn obìnrin 39 tó ti ṣe é fún jáde. Róbọ́ọ̀tì náà dé lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ní 2005, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi róbọ́ọ̀tì da Vinci ṣiṣẹ́ abẹ obìnrin. Dókítà jókòó sídìí ẹ̀rọ ní igun yàrá, ọwọ́ irin ló ń wọ inú aláìsàn.

Ní ti kókó kíkó nìkan, ìjà àárín àwọn ọ̀nà mẹ́ta yìí kò le. Iye kókó tí wọ́n ń rí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò lójú ihò kéré, ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kéré, obìnrin sì ń tètè padà sílé. Kámẹ́rà tún ń sọ nǹkan di ńlá, ó ń fi iṣan kéékèèké han ojú. Ikùn lílà kò béèrè ohun èlò olówó gọbọi, ọwọ́ dókítà sì lè fi mọ ohun tí ojú kò rí. Róbọ́ọ̀tì dùn lọ́wọ́ dókítà ju bí ó ṣe yí nǹkan padà fún aláìsàn lọ, bí ẹ bá bi mí. Owó rẹ̀ sì pọ̀.

Wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní 2018. Ìwádìí LACC, tí Pedro Ramirez ti ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ MD Anderson ní Houston, Amẹ́ríkà, darí rẹ̀, pín obìnrin 631 ní ilé ìwòsàn 33 sí ọ̀nà méjì. Wọ́n la ikùn apá kan, wọ́n gba ojú ihò fún apá kejì, bóyá pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì tàbí láìsí. Gbogbo ayé ló rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n á já sí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ààbọ̀, 96.5 nínú 100 àwọn tí wọ́n la ikùn wọn ló wà láàyè tí jẹjẹrẹ kò padà. Lójú ihò, 86 ni. Iye tó kú náà pọ̀ sí i lójú ihò. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró kí ó tó pé iye tí wọ́n fẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńláńlá ti padà sídìí ikùn lílà.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìròyìn ti da ọ̀rọ̀ rú. Kì í ṣe kókó kíkó lójú ihò ni LACC dá lẹ́bi. Yíyọ ilé-ọmọ ni. Kókó wà nínú èèpo tirẹ̀, wọ́n máa ń kó o sínú àpò ọ̀rá kékeré kí wọ́n tó fà á jáde. Ẹnu ilé-ọmọ tí jẹjẹrẹ wà lójú rẹ̀ ni wọ́n ń fi irin kan tì láti ojú ara, kí wọ́n lè máa dà á síhìn-ín sọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà wọ́n á gé ojú ara nínú ikùn tí gáàsì kún. Ìwádìí SUCCOR tí àwọn ará Sípéènì ṣíwájú nínú rẹ̀ ní Yúróòpù, tó jáde ní 2020, rí i pé ibi tí wọ́n bá ti lo irin yẹn ni jẹjẹrẹ ti ń padà wá jù. Nítorí náà, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan wà tó ṣì ń gba ojú ihò wá kókó, tí wọ́n á wá la ikùn láti yọ ilé-ọmọ. Dókítà tó bá sọ fún ẹ pé òun á ṣe ọ̀kan síhìn-ín, èkejì sọ́hùn-ún, orí rẹ̀ kò dàrú.

Oníbodè

Ní ayé àtijọ́, ìlú tó ní odi ní oníbodè. Àlejò tó ń bọ̀, oníṣòwò tó ru ẹrù, ẹni tó wá ṣe amí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ibodè. Ọba tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àjèjì ti wọ ìlú kò ní láti tú gbogbo agbo ilé. Á ránṣẹ́ pe oníbodè.

Ramón Cabanas, dókítà ọmọ Paraguay, ló kọ́kọ́ fi irú ọgbọ́n yìí wá jẹjẹrẹ ní 1977, lórí jẹjẹrẹ nǹkan ọkùnrin. Ó ní kókó kan wà tí omi láti ibi àrùn máa ń kọ́kọ́ dé; òun ni oníbodè. Bí jẹjẹrẹ kò bá sí nínú rẹ̀, kò sí nínú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1992, Donald Morton ní California fi aró búlúù wá kókó náà lára àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ọmú. Lónìí, àìlóǹkà obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ni apá wọn kò wú torí pé oníbodè nìkan ni wọ́n yọ ní abíyá wọn.

Ẹnu ilé-ọmọ le ju ọmú lọ, nítorí àárín gbùngbùn ara ló wà. Ìlú oníbodè méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí oníbodè ọ̀tún bá sọ pé òun kò rí àjèjì kankan, ìyẹn kò sọ nǹkan kan nípa ẹnu odi òsì. Òfin tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ni pé apá tí aró kò bá ti fi oníbodè hàn, kí wọ́n kó gbogbo kókó apá yẹn.

Aró náà kì í ṣe ọ̀kan. Ti búlúù ló rọrùn láti rí, kò sì wọ́n púpọ̀, ojú lásán ló ń rí i. Technetium jẹ́ ohun onítànṣán. Láàárín wákàtí mẹ́fà, agbára rẹ̀ ti dín sí ìdajì, ẹ̀rọ tó ń dún ni wọ́n fi ń wá ibi tó wà. Èyí tó gbayì jù báyìí ni indocyanine green, tí wọ́n ń pè ní ICG. Ojú lásán kò lè rí i dáadáa, ṣùgbọ́n lábẹ́ kámẹ́rà tó ń ríran pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ infurarẹ́ẹ̀dì, á máa tàn bí iná ìmọ̀nàmọ́ná. Nínú ìwádìí FILM ní 2018, tí wọ́n fi àwọn aró méjèèjì sára obìnrin kan náà, ICG fi 97 nínú 100 kókó oníbodè hàn; búlúù fi 47 hàn. Bí wọ́n bá sọ fún ẹ pé "a máa fi aró wá a," ó yẹ kó o béèrè pé aró wo ni.

Ṣé oníbodè máa ń parọ́? Àwọn ará Faransé ló kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nínú SENTICOL, tó jáde ní 2011. Obìnrin 139 ni. Wọ́n yọ oníbodè, wọ́n sì tún kó gbogbo èyí tó kù láti fi wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú 104 tí wọ́n ti rí oníbodè lọ́tùn-ún àti lósì, kò parọ́ fún ẹyọ kan. Nínú SENTICOL 2, wọ́n yọ oníbodè nìkan fún àwọn kan, wọ́n kó gbogbo kókó fún àwọn yòókù nínú obìnrin 206. Wàhálà omi líńfù bá 31.4 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, ó bá 51.5 nínú 100 àwọn ti èkejì. Ẹ̀rí wà nígbà náà pé oníbodè ń dín ìyà kù. Ohun tó kù ni pé kí ẹnì kan fi hàn pé kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ohun tí PHENIX ṣe nìyẹn. Àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ni. Wọ́n kọ́kọ́ yọ oníbodè wọn, wọ́n gbé e lọ sí láàbù lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí wọn kò bá rí nǹkan nínú tiwọn ni wọ́n wá pín sí méjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 96.9 nínú 100 àwọn tí wọ́n fi kókó yòókù sílẹ̀ fún ló wà láàyè tí àrùn kò padà. Àwọn tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀, 94.6. Ẹsẹ̀ wú fún 5.2 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́, 19.1 nínú 100 àwọn ti èkejì. Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé jẹjẹrẹ kò padà sínú kókó ẹnikẹ́ni lára àwọn tí wọ́n fi kókó sílẹ̀ fún.

Síbẹ̀, mi ò ní bá àwọn tó ń jó láti ọjọ́ náà jó dójú ìwọ̀n. Ọdún mẹ́ta kò tíì gùn. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ kò sí nínú rẹ̀, a kò sì lè fi ti ẹni tó ní kékeré dá a lóhùn. Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju ọ̀bẹ lọ: láàbù. Bí wọ́n bá yọ kókó nígbà tí aláìsàn ṣì ń sùn lórí tábìlì, wọ́n á dì í bíi yìnyín, wọ́n á gé e ní ẹyọ kan tàbí méjì, wọ́n á wò ó kíákíá. Nínú ìwádìí SENTIX, tí David Cibula ti Prague darí, àyẹ̀wò kíákíá yìí fò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn kókó tí jẹjẹrẹ wà nínú wọn ní tòótọ́. Àyẹ̀wò kejì tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà, tí wọ́n á gé kókó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n á fi àwọ̀ pàtàkì kùn ún, ló ń rí jẹjẹrẹ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Láìsí àyẹ̀wò kejì yìí, iṣẹ́ oníbodè kò tíì parí.

Bí wọ́n bá wá rí jẹjẹrẹ nínú kókó nígbà tí ikùn ṣì wà ní ṣíṣí ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rò pé "ẹ sáà yọ gbogbo rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ti débẹ̀." Ìwádìí ABRAX wo àkọsílẹ̀ obìnrin 515 tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn tí wọ́n yọ ilé-ọmọ wọn tán àti àwọn tí wọ́n dáwọ́ dúró fún, tí wọ́n gbé lọ síbi ìtànṣán àti kẹ́mò (oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ), bákan náà ni wọ́n ṣe. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, wọ́n á ṣì gba ìtànṣán lẹ́yìn rẹ̀, ìyà méjì á wá jẹ àpò ìtọ̀ àti ìfun. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ yọ kókó kí ó tó fọwọ́ kan ilé-ọmọ. Dókítà tó bá dáwọ́ dúró kò sá fún iṣẹ́.

Kókó òkè, ẹ̀bá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí àrùn wọn ti tóbi ni wọ́n máa ń kó o fún, láti mọ ibi tí ìtànṣán yóò dé. Uterus-11, ìwádìí àwọn ará Jámánì lórí obìnrin 255, kó o fún apá kan, ó fi skáànù nìkan ṣèdájọ́ fún apá kejì. Iṣẹ́ abẹ fi hàn pé, nínú obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ṣe é fún, àrùn ẹnì kan ju bí wọ́n ṣe rò lọ, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú iye ọjọ́ tí àrùn fi padà. Níbi tí PET, irú skáànù tó ń fi ibi tí jẹjẹrẹ wà hàn, bá wà, ọ̀pọ̀ dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ yá sí i mọ́.

Ní ilé wa ńkọ́?

Ní 2020, ìṣirò àjọ tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé fi hàn pé obìnrin tó lé ní 12,000 ni àrùn yìí mú ní Nàìjíríà, nǹkan bí 8,000 sì kú. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa kò yé sọ ohun kan náà: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, tí ẹ̀yìn ti ń dun wọ́n, tí ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ ti wú fúnra rẹ̀ kí ọ̀bẹ kankan tó kàn án, nítorí pé jẹjẹrẹ ti dí àwọn kókó. Ti irú wọn kọjá ọ̀rọ̀ oníbodè. Ìtànṣán àti kẹ́mò ni tiwọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní UCH Ìbàdàn àti ní ibùdó NSIA-LUTH tó ṣí ní Èkó ní 2019. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìròyìn tó kàn wọ́n jù ni INTERLACE, tí àwọn dókítà London gbé jáde ní 2024: kẹ́mò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìtànṣán mú kí 80 nínú 100 wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, dípò 72. Carboplatin àti paclitaxel ni oògùn ọ̀hún. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ lọ́jà.

Àwọn tí wọ́n tètè rí tiwọn, bóyá nítorí pé wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò nígbà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, ni gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí kàn. Ikùn lílà àti kíkó gbogbo kókó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bá pàdé níbí. Mi ò rò pé ó burú. LACC ti fi hàn pé ikùn lílà kì í ṣe ohun àtijọ́ tó yẹ kó tini lójú. Kámẹ́rà ICG ṣọ̀wọ́n, technetium kò lè dúró de iná tó lọ, aró búlúù tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó sì máa ń fo ọ̀pọ̀ kókó. Oníṣẹ́ abẹ tó bá sọ pé oníbodè nìkan lòun fẹ́ yọ láìní ICG, láìní láàbù tó lè gé kókó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, inú ewu ló fẹ́ gbé aláìsàn sí. Ẹni tí àrùn rẹ̀ kéré débi pé máíkírósíkóòpù nìkan ló rí i, tí kò tíì wọ ọ̀nà líńfù, kò nílò kí wọ́n yọ kókó kankan rárá, torí ewu tirẹ̀ kò tó 1 nínú 100.

Ẹni tí dókítà bá ti fún ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lè béèrè ìwọ̀n jẹjẹrẹ náà ní sẹ̀ǹtímítà, kó béèrè bóyá kókó ni wọ́n máa kọ́kọ́ yọ, kó sì béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe bí àrùn bá wà nínú rẹ̀. Èyí tí a kì í sábà béèrè ni ibi tí kókó ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò lára. Níbi púpọ̀ ní ilẹ̀ yìí, wọ́n á kó o sínú ike tí oògùn wà nínú rẹ̀, wọ́n á fi lé ọkọ tàbí ọmọ lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí láàbù níta. Kí wọ́n kọ "ọ̀tún" sára ike kan, "òsì" sára èkejì. Kí ẹni tó gbé e gba ìwé, kí ó sì padà lọ gba èsì fúnra rẹ̀, torí dókítà kan kò lè sọ bóyá ìtànṣán kàn láìrí ìwé yẹn.